Bí Mo Ṣe Fi Òkú Pírìntà Kan Ọkọ̀ Gbalasa Òfurufú

Ọkọ̀ náà ti wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù mi báyìí. Gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 62, ó wúwo ju kílò kan lọ, iná mẹ́ta sì máa ń tàn ní ìdí rẹ̀ bí mo bá tẹ bọ́tìnì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á ní mo rà á wá láti òkè òkun ni. Bẹ́ẹ̀, pírìntà tó ti kú, kíbọ́ọ̀dù méjì, máòsì kan, orí tọ́ọ̀ṣì mẹ́ta, káàdì ATM tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀ àti páìpù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló para pọ̀ di í.

Oṣù mẹ́ta ni mo fi ṣe é, láti oṣù Kẹfà títí di òpin oṣù Kẹjọ, Sátidé àti ọ̀sán Sunday nìkan. Ibi tí mo ti ṣì í ṣe ni mo máa pẹ́ sí jù nínú àkọsílẹ̀ yìí, torí ibẹ̀ ni owó mi ti ṣòfò.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tèmi o. Àwọn tó ṣe àwọn ọkọ̀ inú fíìmù Star Wars tó jáde ní 1977, páálí àwòṣe ọkọ̀ ogun, ọkọ̀ ojú omi àti báàlù ni wọ́n ń rà, tí wọ́n á tú wẹ́wẹ́ inú rẹ̀, tí wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ọkọ̀ tiwọn. Èmi ò lágbára irú páálí bẹ́ẹ̀. Owó tí wọ́n máa gbà kó tó wọlé nìkan ti ju owó ọjà ọ̀sẹ̀ kan lọ. Àmọ́ ẹ tú pírìntà wò lọ́jọ́ kan. Páálí àwòṣe ni, ẹlòmíràn ló kàn ti bá wa tò ó pọ̀.

1. Ohun tí mo fẹ́ kàn

Mi ò fẹ́ ọkọ̀ ogun. Táńkà ni mo fẹ́, irú èyí tí ẹ máa ń rí lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó, tí òòrùn àti òjò ti jẹ ara rẹ̀, tí àwọ̀ ilẹ̀kùn rẹ̀ kan kò bá ti ìyókù mu. Àmọ́ gbalasa òfurufú ni kó máa ná. Orí ní iwájú, ọ̀pá gígùn láàárín tí àwọn ìkòkò epo so mọ́, ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn.

Ìwọ̀n 1/144 ni mo lò: sẹ̀ǹtímítà kan lára àwòṣe dúró fún mítà 1.44. Ọkọ̀ yìí ìbá gùn tó mítà 89 ká ní ó wà lóòótọ́. Ènìyàn tó ga ní mítà 1.75 á kàn jẹ́ mílímítà 12 níbẹ̀, bí hóró ẹ̀wà kan. Ẹ kọ èyí sára ògiri kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan gúlù. Bọ́tìnì kíbọ́ọ̀dù kan, tó jẹ́ mílímítà 18, á fẹ̀ ju mítà méjì ààbọ̀ lọ. Yàrá kékeré kan nìyẹn. Bí ẹ bá wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn pé fèrèsé ni, ọkọ̀ yín á di ohun ìṣeré ọmọdé lójú ẹsẹ̀.

2. Ríra òkú

Queen Cinema ni mo lọ, níbi tí wọ́n ti ń ta kọ̀ǹpútà ní Ìbàdàn. Mo ní kí Àlàájì kan bá mi wá pírìntà tó ti kú.

“Èyí tó ń ṣiṣẹ́ wà ńlẹ̀ o.”

“Rárá sà. Òkú gan-an ni mo ń wá.”

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní ₦7,000, mo san ₦4,000. Kíbọ́ọ̀dù méjì àti máòsì jẹ́ ₦1,500. Orí tọ́ọ̀ṣì mẹ́ta, tí wọ́n bára dọ́gba, mo rí i lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún iná alágbèékà ṣe ní àdúgbò wa, ₦900. Ẹ rí i pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba o. Ìdí ẹ́ńjìnnì ni wọ́n máa wà, ojú á sì tètè mọ̀ bí ọ̀kan bá yàtọ̀.

3. Ẹ ka ikùn ike

Ìṣó onílílọ́ tó lé ní 40 ni mo tú kí pírìntà náà tó là. Àwọn jíà funfun kéékèèké inú rẹ̀ ló wù mí jù. Mo da súpà gúlù sí mẹ́fà nínú wọn, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ páìpù, ó dúró dáadáa. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé páìpù náà sókè, gbogbo wọn sì já bọ́ bí eyín ọmọ ọdún méje. Mo ní bóyá gúlù náà ni kò dáa. Mo ra òmíràn. Wọ́n tún já. Súpà gúlù mẹ́ta ló bá a lọ kí n tó yí ọ̀kan nínú jíà náà dojú dé tí mo rí lẹ́tà tíńtìntín tí wọ́n kọ sí ikùn rẹ̀: >POM<.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ike tó bá tóbi díẹ̀ nínú ẹ̀rọ ni wọ́n máa ń kọ orúkọ rẹ̀ sí lábẹ́ báyìí. ABS àti PS, tàbí PS-HI, ni ọ̀rẹ́ yín: gúlù ń mú wọn, ọ̀dà ń mú wọn. POM ń yọ̀ bí ọṣẹ, PP àti PE náà bẹ́ẹ̀. Lára abọ́ àti ike oúnjẹ, ẹ wo nọ́ńbà tó wà nínú onígun mẹ́ta: 6 ni PS, ẹ mú un, 5 ni PP, 2 náà sì jẹ́ ìbátan PE, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ìdérí bírò kì í fi gba gúlù, tí ara bírò tó mọ́ gaara yẹn sì ń gbà á.

Èyí tí kò bá ní àkọlé, oògùn ìpa-kúteèsì rẹ́ ni mo fi ń dán an wò. Ẹ wo ara ìgò rẹ̀ kó jẹ́ acetone gan-an, torí àwọn kan wà tí kò ní in nínú. Ẹ fi òwú kán ẹyọ kan sí ẹ̀yìn ike náà. Bí ó bá ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ó dára. Bí kò bá mọ̀ pé ẹ kan òun, ẹ má bá a ṣe wàhálà.

Mi ò kúkú sọ jíà wọ̀nyẹn nù. Mo lu ihò mílímítà kan sí wọn, mo ki wáyà bàbà kọjá, mo lọ́ ọ pọ̀ lẹ́yìn páìpù. Wáyà ló gbé wọn dúró di òní.

4. Egungun ọkọ̀

Ọ̀pá àárín jẹ́ páìpù omi ínṣì mẹ́ta nínú mẹ́rin, mo gé e ní sẹ̀ǹtímítà 42. Ilé ẹ́ńjìnnì jẹ́ páìpù ínṣì 4, tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ mílímítà 110, mo gé e ní sẹ̀ǹtímítà 9. Orí ọkọ̀ ni máòsì tí mo ti yọ inú rẹ̀ kúrò, sẹ̀ǹtímítà 11. Bí ẹ bá máa fi ayùn irin gé páìpù ńlá, ẹ kọ́kọ́ wé ìwé yí i ká, kí etí ìwé náà bára mu, kẹ́ ẹ fi bírò fa ìlà tọ̀ ọ́. Èmi fi ojú wọ̀n ọ́n, ó wọ́ ní mílímítà 4, sánpépà 120 ni mo fi jìyà rẹ̀ fún wákàtí kan.

Pílàíwúùdù roboto méjì ló so páìpù kékeré mọ́ inú ńlá. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni mo rí i pé ọ̀pá náà ti ń tẹ̀ nítorí ẹ̀yìn tó wúwo, ni mo bá ki irin mílímítà 12 sí inú rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ibẹ̀ ni ìwúwo rẹ̀ ti wá.

Ẹ̀yìn máòsì nílò iké, kí orí má baà dà bí máòsì. Mo gbẹ́ ẹ láti ara fọ́ọ̀mù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí. Ó rẹwà, mo fi sánpépà dán an, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ àyè rẹ̀, mo gbé ọ̀dà ìpìlẹ̀ onífífọ́n, mo fọ́n ọn. Ó kọ́kọ́ ń ho wérewère bí ọṣẹ. Kí n tó gbé ọwọ́ kúrò, iké ti di kòtò. Ohun tó wà nínú ọ̀dà onífífọ́n ló ń yọ́ fọ́ọ̀mù. Bẹ́ńtíróòlù náà ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ rí. Mo rò pé bí mo bá fọ́n ọn fẹ́ẹ́rẹ́, kò ní mọ̀. Ó mọ̀.

Iké kejì, pákó ni mo fi gbẹ́ ẹ, mo sì fi bọ́dì fílà àwọn onípánẹ́ẹ̀lì dí etí rẹ̀. Ìwọ̀n ẹyin adìẹ kan fílà, ìwọ̀n hóró ẹ̀wà méjì nínú èyí tó ń mú un le, ẹ má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà àkọ́kọ́ mo fún un ní bí ẹ̀wà márùn-ún, ó le mọ́ ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi kó tó dé orí ọkọ̀.

5. Awọ

Níbí ni mo ti rí ohun tó dùn mọ́ mi jù. Káàdì ATM àti ike ńlá tí wọ́n máa ń yọ káàdì SIM lára rẹ̀ dọ́gba káàkiri ayé: mílímítà 85.6 sí 54, nínípọn rẹ̀ kò tó mílímítà kan. Káàdì mẹ́rin yí páìpù ínṣì 4 ká, àlàfo tó kù jẹ́ bíi mílímítà 3. Ó dà bíi pé wọ́n torí rẹ̀ ṣe é. Àwọn ọmọ tó ń forúkọ SIM sílẹ̀ lábẹ́ agboòrùn fún mi ní ìdì kan lọ́fẹ̀ẹ́, torí wọ́n á kúkú dà á nù.

Káàdì kò fẹ́ tẹ̀ o, á máa ta. Ẹ bù omi gbígbóná tó kù díẹ̀ kó hó sínú abọ́, ẹ rì í bọ̀ ọ́ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 20, ẹ tètè fi aṣọ wé e mọ́ páìpù títí yóò fi tutù. Á gba ìrísí páìpù náà. Lẹ́yìn náà ni gúlù.

Ìwọ̀nyí wà lára páìpù nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ọdún 9 tó máa ń wá sọ́dọ̀ wa ní Sátidé, dé. Ó tẹjú mọ́ ẹ́ńjìnnì gbalasa mi.

“Àǹkù, káàdì ATM yín lẹ lẹ̀ mọ́ páìpù yìí.”

Ó sì ka nọ́ńbà rẹ̀ sí mi létí, ẹyọ kan tẹ̀lé òmíràn, torí nọ́ńbà ara mẹ́ta nínú àwọn káàdì náà, tó jẹ́ ti ATM, yọ sókè gedegbe. Mo fi sánpépà 240 rẹ́ wọn, mo fi fílà dí ìyókù. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ yìí ti di adájọ́ mi. Ohunkóhun tó bá lè dárúkọ rẹ̀ kò tíì di ara ọkọ̀.

6. Ìkòkò epo

Bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì orí tábìlì mẹ́jọ, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì. Mílímítà 40 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn á fẹ̀ tó mítà 5.76 ní ìwọ̀n wa. Mo ra mẹ́wàá ní ₦200 ẹyọ kan. Méjì ti rún nígbà tí mo gbìyànjú láti fi acetone lẹ̀ wọ́n, torí ara wọn fẹ́lẹ́, acetone sì mu wọ́n jù. Súpà gúlù ni kẹ́ ẹ lò. Kẹ́ ẹ dá gúlù sí ojú oríkèé, kẹ́ ẹ wọ́n baking soda lé e, á le lójú ẹsẹ̀ bí òkúta. Ó máa ń gbóná, èéfín rẹ̀ sì ń ta ojú, nítorí náà ẹ ṣí fèrèsé.

7. Jágajàga

Àwọn àgbà iṣẹ́ yìí ń pe wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ ní greeble. Jágajàga ni mo ń pè é. Sátidé mẹ́rin ni mo fi ṣe é, ibẹ̀ sì ni ọkọ̀ ti di ọkọ̀.

Sátidé àkọ́kọ́, mo lẹ̀ gbogbo ohun tó bá bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, ó dà bí ààtàn tí ẹnì kan da gúlù sí. Ọmọ náà dárúkọ mọ́kànlá: sípíríìnì bírò, ojú USB, bọ́tìnì “Enter”, ẹsẹ̀ kíbọ́ọ̀dù, ó ń bá a lọ bí ẹni ka rẹ́jísítà. Mo fi ọ̀bẹ ká ìdajì wọn kúrò.

Sátidé kejì ni mo jókòó, tí mo bi ara mi léèrè pé kí ni nǹkan kọ̀ọ̀kan ń ṣe lára ọkọ̀ yìí. Epo ń bọ̀ láti inú ìkòkò, ó gbọ́dọ̀ gba ibì kan dé ẹ́ńjìnnì. Nítorí náà mo fa wáyà inú kíbọ́ọ̀dù láti abẹ́ ìkòkò kọ̀ọ̀kan, wọ́n pàdé nínú ike kan tó ní ihò mẹ́rin, méjì péré ló sì jáde lọ sẹ́yìn. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù, nítorí náà rédíétọ̀ wà: irin olójú wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tó wà lórí bọ́ọ̀dù pírìntà, mo gé e sí méjì. Ohun tí mi ò bá ti rí iṣẹ́ fún, mi ò lẹ̀ ẹ́.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, mi ò lẹ ohunkóhun ní odindi mọ́. Bọ́tìnì kíbọ́ọ̀dù, mo gé e sí mẹ́rin, mo yí inú rẹ̀ síta. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ òsì ilé ẹ́ńjìnnì: ibi tó fẹ̀ bí àtàǹpàkò mi méjì. Etí bọ́tìnì “Shift” wà níbẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀, igun mẹ́ta rẹ̀ nìkan ló hàn. Lórí rẹ̀ ni ààbọ̀ jíà kan wà tí eyín rẹ̀ wọnú etí náà. Láàárín wọn ni ara bírò tí mo gé ní mílímítà 6, tí wáyà pupa kan wọ inú rẹ̀ tí kò jáde mọ́. Ọmọ náà wò ó títí. Ó ní, “Ẹ̀rọ omi ni.” Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Ẹ sì fi àyè sílẹ̀. Gbogbo abẹ́ orí ọkọ̀ náà dán, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ojú nílò ibi tó máa sinmi.

8. Iná

LED funfun mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú orí tọ́ọ̀ṣì kan. Èyí àkọ́kọ́, bátìrì fóòtì 9 ni mo so ó mọ́ tààrà, kò sí rẹsísítọ̀, ẹ̀yà kékeré tó ń dín agbára iná kù. Ó tàn bí mànàmáná, ó sì kú. Ohun tí mo wá ṣe nìyí: bátìrì lithium kan láti inú iná alágbèékà, fóòtì 3.7, tó máa ń dé 4.2 bó bá kún. LED funfun ń gba bíi fóòtì 3.1. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 1.1, ẹ pín in pẹ̀lú 0.02 (iná tí LED kan ń lò, ní ámpíà), á fún yín ní 55. Rẹsísítọ̀ ohm 56 ló wà lọ́jà. LED kọ̀ọ̀kan ní rẹsísítọ̀ tirẹ̀. Nígbà tí mo fi ọ̀kan ṣe ti mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀kan ń tàn, méjì ń ṣẹ́jú.

Àṣìṣe tó dùn mí jù ni ti orí tọ́ọ̀ṣì. Dídán bíi dígí tó wà lára rẹ̀ kò jẹ́ kí gúlù mú un. Mo bá rì wọ́n sínú Jíìkì mọ́jú, gbogbo dídán náà sì ṣí kúrò bí omi. Inú mi dùn. Ìgbà tí mo lẹ̀ wọ́n tán, tí mo tanná, ni mo rí i pé dídán yẹn ló ń dá iná dúró: gbogbo ìdí ọkọ̀ mọ́ roro bí fìtílà. Ọ̀dà dúdú lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀yìn wọn, bébà dídán inú páálí sìgá sí inú wọn, ni mo fi tún un ṣe. Etí nìkan ló yẹ kí n fi ọ̀bẹ ha.

9. Ọ̀dà

Oṣù Keje ni mo fọ́n ọ̀dà aláwọ̀ wàrà, lẹ́yìn òjò. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ìkùukùu funfun fi bo gbogbo ara rẹ̀. Mo gbé e lọ han ọ̀gá tó ń kun mọ́tò ní òpópónà wa. Wọn ò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án.

“Ìgbà òjò lo fọ́n ọn. Ọ̀rinrin ló wọ̀ ọ́. Dúró de ìgbà tí òòrùn bá là.”

Mo dúró títí ọ̀dá oṣù Kẹjọ fi dé. Mo fi sánpépà 600 àti omi fọ̀ ọ́, mo fi agolo ọ̀dà sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún (ẹ má gbé e sórí iná o!), mo dúró sí nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 25, mo fọ́n ọn fẹ́ẹ́rẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Ó jáde bí mo ṣe fẹ́.

Ọkọ̀ tuntun kò sí lójú ọ̀nà wa, nítorí náà mo sọ ọ́ di ogbó. Èédú tí mo lọ̀ kúnná ni mo fi ṣe èéfín ìdí ẹ́ńjìnnì. Fún ìpẹtà, mo lọ ra osùn lọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́wé-ọmọ, ₦200. Wọ́n ní ṣé ìyàwó mi ti bí ni. Mo ní rárá mà, ọkọ̀ ni mo fẹ́ fi kùn. Wọ́n ní kí Ọlọ́run bá mi ṣọ́ ọ. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni mo fi tẹ osùn náà mọ́ abẹ́ ìkòkò epo àti ojú oríkèé, ó sì dà bí irin tó ti dógùn-ún ní tòótọ́. Mi ò rí fáníìṣì tí kì í dán láti fi dì í mú. Bẹ́ ẹ bá gbé ọkọ̀ mi, ọwọ́ yín á pọ́n.

10. Owó

Pírìntà ₦4,000, kíbọ́ọ̀dù àti máòsì ₦1,500, orí tọ́ọ̀ṣì ₦900, páìpù ₦1,200, bọ́ọ̀lù ₦2,000, súpà gúlù méje ₦2,100, fílà ₦4,500, sánpépà ₦1,500, ọ̀dà agolo mẹ́rin ₦14,000, acetone ₦800, LED, rẹsísítọ̀ àti wáyà ₦1,700, pákó ₦500, osùn ₦200. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦34,900. Ká ní mi ò fọ́n ọ̀dà nínú òjò, agolo kan ìbá kù sí mi lọ́wọ́.

11. Ohun tí mo gbàgbé

Mo gbé e sórí ìdúró rẹ̀, mo tanná, mo pe adájọ́ mi wá. Ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì. Kò rí káàdì, kò rí kíbọ́ọ̀dù.

“Àǹkù, ibo ni dẹ́rẹ́bà ń gbà wọlé?”

Kò sí ilẹ̀kùn. Oṣù mẹ́ta, mi ò ronú kan ilẹ̀kùn.

Mítà méjì ní ìwọ̀n 1/144 jẹ́ mílímítà 14. Mo gé ike SIM tó ṣẹ́kù ní 14 sí 7, mo fi abẹ yí igun rẹ̀. Ọ̀dà aláwọ̀ wàrà ti tán. Ìgò kúteèsì pupa kan wà lórí fèrèsé, mo fi kun ún, mo jẹ́ kó gbẹ, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ orí ọkọ̀. Ilẹ̀kùn pupa lára táńkà aláwọ̀ wàrà. Mo sún sẹ́yìn, mo ní kó wò ó.

Ó sún mọ́ ọn. Ó ní, “Kúteèsì mọ́mì mi nìyẹn. Wọ́n ti ń wá a láti àárọ̀.”